Íàpíìsì Létí, Àgbà Níwájú

Òfin méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá tó ń gbé Dallas lọ́jọ́ kan náà, òfin méjèèjì kò sì bára mu. Bó bá wọ ọkọ̀ ojú irin DART láàárọ̀, tó tan ohùn fóònù rẹ̀ síta kí gbogbo ọkọ̀ máa bá a gbọ́ orin tàbí ọ̀rọ̀ ẹni tó pè é, àwọn èrò á fojú burúkú wò ó, nítorí ìlànà ọkọ̀ náà ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nǹkan fi íàpíìsì sétí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Garland tàbí Mesquite, tó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú íàpíìsì yẹn kan náà, wọ́n á tún fojú burúkú wò ó, lọ́tẹ̀ yìí nítorí pé ó fi nǹkan sétí. Ìwà tí àjèjì nínú ọkọ̀ ń pè ní ọmọlúàbí ni ẹbí nínú ilé ń pè ní àfojúdi.

Mo máa ń gbọ́ kí àwọn àgbà sọ pé àwọn ọmọ tí a bí síbí ti bàjẹ́. Mo sì máa ń gbọ́ kí àwọn ọmọ sọ pé ayé ti lajú kọjá àwọn àgbà. N kò fara mọ́ èkíní, n kò fara mọ́ èkejì. Nǹkan kékeré yìí ti wọ ibi tí Yorùbá kò fi ṣeré rárá, ìyẹn ìkíni. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìjà náà ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni tó ń wo etí ọmọnìkejì rò pé òun ń rí níbẹ̀.

Láàárín wa, fóònù kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, fóònù alókùn NITEL kan lè wà fún odidi àdúgbò. Bí ìpè bá wọlé láti òkè òkun, wọn á rán ọmọdé lọ pe màmá wá, àwọn tó bá màmá wá náà á dúró tì í, kálukú á sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó rìnrìn àjò. Fóònù á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́: "Gbà, bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀." "Ẹ fún mi kí n kí ìyàwó." Àṣà yẹn ló bá wa wọ bàálù dé pápákọ̀ òfúrufú DFW. Títí di òní, bí ìyá kan bá ti Ìbàdàn pe ọmọ rẹ̀ ní Dallas lórí WhatsApp, ọmọ náà á tan ohùn síta, ọkọ á kí ìyá láti inú yàrá, àwọn ọmọ á kí i láti orí àga, àlejò tó wà níjòkòó pàápàá á ní, "Ta nìyẹn? Ẹ bá mi kí wọn o." Kò sí ẹni tí ìpè náà yọ sílẹ̀.

Íàpíìsì ló kọ́kọ́ dí ọ̀nà yẹn. Ohùn ẹni tó pè kò jáde mọ́, ẹni tó jókòó tini kò sì mọ ẹni tí òun yóò kí. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbọ́. Lójú òyìnbó, oore lo ṣe é: o kò fi ọ̀rọ̀ rẹ dí i lọ́wọ́. Lójú ìyá tó jókòó tì ọ́ ní pálọ̀, ẹnì kan wà nínú ilé tí o kò jẹ́ kí òun kí.

Ẹ má sì rò pé fáàrí ló kó o sétí ọ̀pọ̀ èèyàn wa. Iṣẹ́ àti aago ni. Aago Nàìjíríà fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ti Dallas láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kọkànlá. Nígbà òtútù, ó máa ń di méje. Nọ́ọ̀sì tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán lóṣù kìíní, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù ní Abẹ́òkúta. Bí kò bá pe màmá rẹ̀ nínú ọkọ̀, nígbà tó bá fi délé, tó gbé ìkòkò kaná, màmá ti sùn. Dallas kì í sì í ṣe ìlú ìrìn ẹsẹ̀. Ọ̀nà I-20, I-35 àti I-45 pàdé níbẹ̀, inú ọkọ̀ ni apá tó pọ̀ nínú ọjọ́ ń tán sí. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù tiẹ̀ wà tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù kìíní ọdún 2012 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ láti di fóònù mú bí wọ́n bá ń wakọ̀. Nígbà tí òfin náà jáde, ìtanràn rẹ̀ lè tó $2,750 fún awakọ̀, kó sì tó $11,000 fún iléeṣẹ́ tó gbà á láyè. Íàpíìsì etí kan, èyí tó ní ọ̀pá kékeré tó nà síwájú ẹnu, ti di ara ohun èlò iṣẹ́ wọn. Àmọ́ nígbà tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé rẹ̀ sétí wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, èrò àwọn tó wà lẹ́yìn ni pé ó ń fi bí òun ṣe tó hàn wọ́n.

Èrò fáàrí yẹn ní ìtàn, apá kan ìtàn náà sì wáyé ní Dallas gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí transistor, ohun kékeré tó ń darí iná mọ̀nàmọ́ná nínú ẹ̀rọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe fún ará ìlú láti rà ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa. Lọ́dún 1954, iléeṣẹ́ Texas Instruments ti Dallas bá iléeṣẹ́ kan ní Indianapolis dòwò pọ̀, wọ́n sì gbé Regency TR-1 jáde, rédíò àkọ́kọ́ tó ń lo transistor tí wọ́n tà fún ará ìlú. Transistor mẹ́rin tí wọ́n ṣe ní Dallas ló wà nínú rẹ̀, $49.95 ni wọ́n ń tà á, ó sì ní ihò tí èèyàn lè ki okùn íàpíìsì bọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní iléeṣẹ́ yẹn kan náà, Jack Kilby ṣe ẹ̀rọ alámùúpọ̀ pẹlẹbẹ (integrated circuit) tó jẹ́ kí ohun tó kún àpótí lè wà lórí èékánná.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni bí ojú ìwòye àwọn èèyàn ṣe pín sí méjì lórí ibì kan náà lára. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń fi í pamọ́. Wọ́n ṣe é ní àwọ̀ ara òyìnbó kó má bàa hàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú apá gíláàsì ojú, àwọn obìnrin fi irun bò ó. Ojú ń tì wọ́n, nítorí pé ọjọ́ ogbó àti àbùkù ara ni aráyé ń rí níbẹ̀. Nígbà tí íàpíìsì Bluetooth dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tí iná búlúù ń tàn lára rẹ̀, àwọn tó ní in ń yí etí náà sí ibi tí ayé á ti rí i. Lọ́yà, oníṣòwò ilé, ọ̀gá iléeṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń lò ó, àwọn ará Amẹ́ríkà sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí wọn: wọ́n ní onígbèéraga ni ẹni tí kò lè yọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ṣọ́ gómìnà àti àwọn ọlọ́pàá inú DSS ni a ti kọ́kọ́ rí pẹ̀lú nǹkan létí kan, nítorí náà agbára ìjọba ló ń wá sọ́kàn wa. Nígbà tí AirPods jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2016, funfun báláú, ní $159, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, ó di ti ọmọ iléèwé. Ìkùnsínú kò tán síbẹ̀ ṣá. Ó kàn pààrọ̀ ẹni tó ń dojú kọ ni.

Àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí pàápàá ti fura sí ewu yẹn tipẹ́. Nígbà tí Sony gbé Walkman jáde ní Japan lóṣù keje ọdún 1979, Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, bẹ̀rù pé àfojúdi ni kí ẹnì kan dá gbọ́ orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ihò íàpíìsì méjì sí i, kí ẹni méjì lè jọ gbọ́, wọ́n sì fi bọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn kan sí i: bí o bá tẹ̀ ẹ́, orin á rọlẹ̀, wàá sì gbọ́ ohùn ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, Sony sì mú bọ́tìnnì náà kúrò nígbà tó yá. Mo gbà pé Morita lóye ohun tí ìyá wa tó wà ní pálọ̀ ń sọ.

Síbẹ̀, Walkman ṣì ní okùn. Okùn ló ń jẹ́rìí. Bí o bá rí okùn láti etí wọ àpò, o mọ̀ pé ẹni náà ń gbọ́ nǹkan, o sì mọ̀ bóyá kí o pè é tàbí kí o fọwọ́ kàn án léjìká. Lọ́dún 1994 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Ericsson ní ìlú Lund, ní Sweden, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ìgbì rédíò ṣe lè gba ipò okùn. Nígbà tó di 1998, Ericsson, Nokia, IBM, Intel àti Toshiba ti para pọ̀ lórí rẹ̀. Bluetooth tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ àlàjẹ́ ọba kan ní Denmark ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni. Ìgbì náà ń fò láti ojú ọ̀nà kan sí òmíràn ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ̀rọ mìíràn má bàa da ohùn rú. Ti íàpíìsì sábà máa ń dé nǹkan bíi mítà 10. Bí okùn ṣe lọ, ẹlẹ́rìí lọ. Ohun tó kù ni ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ láàárín ọjà.

Ibẹ̀ ni ìtìjú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà, níbi tí màmá kan ti ń fọwọ́ tẹ iṣu wò, ohùn ọmọbìnrin kan á ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà! Ara yín ń kọ́?" Màmá á yíjú padà tẹ̀rín-tẹ̀rín, á dáhùn, "A dúpẹ́, ọmọ mi, àwọn ará ilé ńkọ́?" Ọmọbìnrin náà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á mú páálí ẹlùbọ́, á sì máa bá ẹni tó ń kí lórí fóònù sọ̀rọ̀ lọ. Kò ṣẹ màmá, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó dáhùn. Ṣùgbọ́n màmá ti fi ìkíni sílẹ̀ lófìfo níṣojú àwọn èèyàn. N kò rò pé ó yẹ ká fojú kékeré wo bí ìyẹn ṣe ń dunni. Àwọn tó ti pẹ́ níbí ti ní ọgbọ́n kan: bí wọ́n bá gbọ́ "Ẹ káalẹ́ mà" nígbà tí oòrùn Texas ṣì ń mú ganrínganrín, wọn kì í yíjú. Wọ́n mọ̀ pé Nàìjíríà ni ẹni náà ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó kò tíì ní ọgbọ́n yẹn. Ó rí ọkùnrin kan tó múra dáadáa ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, tó ń rìn lọ rìn bọ̀, tó ń juwọ́, tó ń rẹ́rìn-ín, láìsí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú: "Ta ló wà pẹ̀lú ọkùnrin yìí? Ṣé kò ní ẹbí ni?" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìlajú ló ń ṣe é. Níbi tó ti wá, ẹni tó bá ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, ó yẹ kí ẹnì kan máa tọpa rẹ̀ kó má bàa kó sẹ́nu ọkọ̀. Àárín ìlú Dallas sì ní àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, tí wọn kò nílé, tí wọ́n ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń kọjá ti kọ́ láti wo etí kí wọ́n tó wo ojú: bí wọ́n bá rí nǹkan funfun níbẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, bí wọn kò bá rí i, wọ́n á sún lọ sí òdìkejì títì. Ó ń dùn mí láti rí i pé nǹkan kékeré kan ló ń sọ ẹni tí a ó kà sí èèyàn gidi àti ẹni tí a ó sá fún.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ojú ìwòye yìí ti kọjá ìkíni. Katy Trail, ọ̀nà àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n là sórí ojú irin àtijọ́ ní Dallas, gùn tó nǹkan bíi máìlì mẹ́ta àbọ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń sáré lórí rẹ̀. Lọ́dún 2011, obìnrin kan tó ń sáré níbẹ̀ kú lẹ́yìn tí òun àti oníkẹ̀kẹ́ kọlu ara wọn. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ nígbà náà pé íàpíìsì wà létí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìjiyàn ti wà láàárín àwọn tó ń lo ọ̀nà yẹn lórí bóyá ó yẹ kí ẹni tó ń sáré dí etí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló wá wúwo jù lọ́kàn mi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ní Aurora, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ẹnì kan pe ọlọ́pàá pé òun rí ọmọkùnrin kan tó bo ojú tó ń juwọ́. Elijah McClain ni, ọmọ ọdún 23. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀, ó ń gbọ́ orin nínú íàpíìsì. Àwọn ọlọ́pàá ní kó dúró, kò dúró lójú ẹsẹ̀. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé pé orin ni òun ń pa kí òun lè gbọ́ wọn. Wọ́n fún un lọ́rùn, àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì gún un ní abẹ́rẹ́ oorun tó pọ̀ jù, ó sì kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá kan àti òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì méjì lẹ́bi. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọmọ náà àti íàpíìsì rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá bí ọmọkùnrin dúdú sí Dallas mọ ìdí tí òun fi ń sọ fún un pé, bí iná ọlọ́pàá bá tàn lẹ́yìn rẹ, yọ ọ́ létí kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, kí o sì gbé ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárì.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń ṣe níbí, ẹ̀yìn àwọn agbanisíṣẹ́ tó fòfin de íàpíìsì ni mo wà. Arúgbó tí ìrántí ti ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ní èdè tí kò gbọ́, tí ohùn náà ń lọ sókè sódò. Ó lè rò pé wọ́n ń bá òun wí, tàbí pé ẹlòmíràn wà nínú yàrá. Ẹni tó wà lórí fóònù náà sì lè máa gbọ́ àṣírí aláìsàn, èyí tí òfin HIPAA ọdún 1996 dáàbò bò. Màmá ní Ìbàdàn lè dúró di àkókò ìsinmi.

Láàárín ara wa, àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà àbáyọ fúnra wọn, mo sì ń fọkàn bá wọn lọ bí mo ṣe ń wò wọ́n. Èyí tó ń tàn kálẹ̀ jù ni kí ọmọ yọ ọ̀kan létí bó bá ti rí àgbà, kó mú un dání níbi tí àgbà á ti rí i, kó tó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. Bí a ti ń ṣí fìlà ni wọ́n ń ṣe é, ó sì ń ṣe iṣẹ́ fìlà. Àwọn ọmọ kan máa ń sọ pé kò pọn dandan, pé àwọn ti dá orin dúró, tàbí pé íàpíìsì tuntun máa ń jẹ́ kí ohùn ìta wọlé, àwọn sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí àgbà ń sọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ inú etí wọn lòótọ́ náà wà, àgbà kò rí i. Ọwọ́ tó gòkè lọ sí etí nìkan ni àgbà lè rí.

Àwọn mìíràn ti rí ọ̀nà tó tún dára ju ìyẹn lọ lójú tèmi. Bí wọ́n bá wà lórí ìpè tí wọ́n pàdé ẹni tó jù wọ́n lọ, wọ́n á kí i, wọ́n á sì sọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: "Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú, màmá mi ló wà lórí fóònù, láti Ìjẹ̀bú." Kí wọ́n tó parí rẹ̀, àgbà á ti ní, "Háà, bá mi kí wọn o! Sọ pé Ọlọ́run á dá wọn sí." Ọmọ á jẹ́ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, á sì mú èsì wá. Ẹni tó wà ní pálọ̀ mọ ẹni tó ń kí, ìpè náà sì tún di ti gbogbo ilé bó ṣe wà nígbà NITEL, láìjẹ́ pé ohùn jáde síta.

Ohun kan ṣì wà tí yóò da àṣà yìí rú, ó sì ti dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni òfin ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà kí àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ dáadáa mọ́ máa ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ní ṣọ́ọ̀bù láìgba ìwé dókítà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n tún gbà kí AirPods Pro máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Nísinsìnyí, bàbá ẹni ọdún 70 tó jókòó síwájú níbi ìkómọjáde pẹ̀lú nǹkan funfun létí méjèèjì lè jẹ́ ẹni tó ń sapá jù nínú gbogbo wa láti gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Bó bá yọ ọ́ láti kí yín, kò ní gbọ́ ìdáhùn yín. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò ní láti yọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, ó sì tọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún ẹbí àti alága ìjókòó kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá sì sọ fún, kó lọ síwájú rẹ̀, kó kúnlẹ̀ níbi tí bàbá ti lè rí ẹnu rẹ̀, kó sì bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi dáadáa?"